Wi-Fi láptọ́ọ̀pù mi ń dákú tí wọ́n bá ti mú iná

Aláàdìrẹ_Òròkí:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí kí n tó ju láptọ́ọ̀pù yìí sódò Ọ̀ṣun.

Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi ti ń wá. Tí iná bá wà, tí ṣájà wà lára láptọ́ọ̀pù, Wi-Fi rẹ̀ dára, kì í yọ mí lẹ́nu rárá. Àmọ́ kí wọ́n ṣáà ti mú iná, kó di pé bátìrì ló ń gbé e, wàhálà dé nìyẹn. Kò ní pẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún tí gbogbo ojúewé á fi máa yí bìrìbìrì láìṣí. Nígbà míì á padà fúnra rẹ̀, nígbà míì àfi kí n pa Wi-Fi kí n tún un tàn.

Lánàá, mo ń fi fídíò bá oníbàárà kan ní Jámánì sọ̀rọ̀. Mo ti tú ẹlẹ́kọ kan dé ìdajì, mo ń fi ọnà tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ kọ sí i hàn án, ni iná bá lọ. Àwòrán mi gan sójú rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu tó là sílẹ̀. Kó tó padà, obìnrin náà ti lọ.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò tilẹ̀ tú u wò tó fi ní káàdì Wi-Fi rẹ̀ ti kú, kí n lọ mú owó wá. Owó tó pè, mo lè fi ra ìdì aṣọ funfun. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ_Òkèfìà:
Ẹ ǹlẹ́ mà. Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Tèmi máa ń gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Aláàdìrẹ_Òròkí:
Àbúrò, mo ti pa á, mo ti tàn án, ọwọ́ ti ń ro mí.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe_ỌláÌyá:
Ẹ kú ọjà mà. Ẹ má tíì ra káàdì kankan. Káàdì tó bá ti kú, iná kì í jí i. Tiyín ń jí nígbàkúùgbà tí iná bá dé, ó tún ń sùn tí iná bá lọ. Oorun ló ń kun nǹkan yẹn, kì í ṣe ikú.

Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn lórí nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, tí iná bá lọ, tí láptọ́ọ̀pù ò rí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, ṣé fóònù yín ṣì ń rí i lórí Wi-Fi kan náà? Èkejì, kí ló ń gbé ráútà yín tí iná bá lọ? Ẹ̀kẹta, ṣé àmì Wi-Fi máa ń pòórá pátápátá nísàlẹ̀ láptọ́ọ̀pù, àbí ó máa ń dúró síbẹ̀ ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń kọjá?

Aláàdìrẹ_Òròkí:
Fóònù ń rí i dáadáa, fóònù náà ni mo fi ń kọ èyí. Ráútà ní bátìrì kékeré tirẹ̀, kì í kú. Àmì Wi-Fi máa ń dúró, á tiẹ̀ kún. Àmọ́ irọ́ ló ń pa. Windows 11 ló wà lórí rẹ̀.

Bàbá_Fẹ̀yìntì:
Òṣogbo, ìlú tí ilé ìdarí iná gbogbo Nàìjíríà wà náà rèé o, tí a ń fi bátìrì kékeré tọ́jú ráútà. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, mò ń gbọ́. Èmi náà ní ẹjọ́ tèmi.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe_ỌláÌyá:
Ó dáa. Ohun tí mo rò nìyí. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kì í ṣe ráútà, kì í ṣe dátà. Láptọ́ọ̀pù ló ń du bátìrì. Tí ṣájà bá ti kúrò lára rẹ̀, Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ owó ná, ọ̀kan lára ohun tó sì máa ń dín kù ni agbára tó ń fún rédíò Wi-Fi.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Káàdì Wi-Fi á ránṣẹ́ sí ráútà pé òun fẹ́ rẹjú díẹ̀, pé ohunkóhun tó bá dé fún òun, kó bá òun gbà á pamọ́. Ráútà á máa kó o jọ. Bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ráútà máa ń ké síta pé òun wà níbí, nínú igbe yẹn ló ti máa ń sọ ẹni tó ní ẹrù nílẹ̀. Káàdì á jí gbọ́ igbe náà, á gba ẹrù rẹ̀, á tún sùn. Tí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, ẹ ò ní mọ̀ pé ó sùn rárá. Fóònù yín gan-an ń sùn bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ti ń dojú rú ni pé àwọn káàdì kan, tàbí driver, ìyẹn ètò tó ń darí wọn, oorun wọn wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n á sùn kọjá igbe. Àwọn ráútà kan náà ò ní sùúrù, tí wọn ò bá gbọ́ ohùn ẹnì kan fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ẹni tó ń sùn ò sì mọ̀ pé wọ́n ti yọ òun. Ìdí nìyẹn tí àmì fi ń kún lójú yín nígbà tí nǹkan kan ò kọjá.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ dán an wò kó dá wa lójú. Ẹ ṣí Command Prompt, fèrèsé tí a ti ń kọ àṣẹ fún Windows, ẹ tẹ ipconfig, ẹ wo nọ́mbà tó wà níwájú Default Gateway. Ráútà yín nìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ ping -t, ẹ fi àyè kan sílẹ̀, kí ẹ wá kọ nọ́mbà náà. Á máa kọ ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, ẹ máa wo iye ms (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá) tó ń mú wá, ìyẹn bí ìdáhùn ráútà ṣe pẹ́ tó. Ẹ jẹ́ kó lọ bíi ìṣẹ́jú méjì pẹ̀lú ṣájà. Kí ẹ wá fọwọ́ ara yín yọ ṣájà. Ẹ má dúró de àwọn tó ń mú iná.

Ráútà ni kí ẹ ping o, kì í ṣe Google. Tí ẹ bá ping ohun tó wà níta, ẹ ò ní mọ̀ bóyá láptọ́ọ̀pù ló ṣẹ̀ àbí ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà fún yín.

Aláàdìrẹ_Òròkí:
Háà! Ọ̀gá, ẹ wá wò ó. Pẹ̀lú ṣájà, 2, 3, 2, 4, 3. Mo yọ ṣájà, kò yí padà fún bíi ogún ìlà. Ló bá di 87, 140, 212, ó fo sókè 600 lé, ó wá kọ Request timed out, pé kò rí ìdáhùn, lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀ lé ara wọn. Mo ki ṣájà bọ̀ ọ́ padà, ó tún di 3. Orí mi wú.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe_ỌláÌyá:
A ti mú olè. Ó ku ká mọ ilẹ̀kùn tó ń gbà wọlé, nítorí ilẹ̀kùn náà ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ tẹ bọ́tìnnì apá ọ̀tún máòsì lórí Start, ẹ mú Device Manager. Ẹ ṣí Network adapters. Ẹ ó rí orúkọ bíi mélòó kan níbẹ̀, èyí tó ní Wi-Fi tàbí Wireless lára ni kí ẹ tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tí ojú rẹ̀ bá ṣí, ẹ wá tab tó ń jẹ́ Power Management. Ẹ ó rí àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ pé Allow the computer to turn off this device to save power. Ẹ yọ àmì inú rẹ̀ kúrò, ẹ tẹ OK.

Ìyẹn nìkan kì í sábà tó. Ẹ wọ Control Panel, ẹ lọ sí Power Options, ẹ tẹ Change plan settings lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ ń lò, lẹ́yìn náà Change advanced power settings. Fèrèsé kékeré kan á jáde. Ẹ wá Wireless Adapter Settings níbẹ̀, ẹ ṣí Power Saving Mode tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìlà méjì lẹ ó rí: On battery àti Plugged in. Ẹ wo bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra. Láti ilé iṣẹ́ ni Plugged in ti máa ń wà lórí Maximum Performance, tí On battery sì máa ń wà lórí Medium Power Saving. Ohun tó fà á nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbà tí iná bá lọ ni ìyọnu yín ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé On battery náà sí Maximum Performance.

Ẹ ṣe ọ̀kan, ẹ ping, kí ẹ tó ṣe èkejì. Ẹni tó bá yí nǹkan mẹ́fà padà lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní mọ èyí tó wò ó sàn, tó bá tún bàjẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ló tún wà.

Akẹ́kọ̀ọ́_ÒkèBaálẹ̀:
Ẹ ẹ̀ wò ó, ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Èmi náà nìyẹn látìgbà tí sáà yìí ti bẹ̀rẹ̀! Ní hósítẹ́ẹ̀lì wa, wákàtí díẹ̀ la fi ń rí iná. Àmọ́ ọ̀gá, láptọ́ọ̀pù tèmi ò ní tab Power Management yẹn. General, Advanced, Driver, Details, Events, kò sí òmíràn. Mo tún wọ Power Options, Wireless Adapter Settings ò sí níbẹ̀ náà. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

Ọmọ_Òkèfìà:
😂 Wọ́n ti gbá ẹ.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe_ỌláÌyá:
Ẹnikẹ́ni ò gbá a. Ọmọ Òkèfìà, jẹ́ kí n gbọ́rọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn láptọ́ọ̀pù tuntun kì í sùn bíi tàtijọ́ mọ́. Wọ́n ń lo ohun tí wọ́n ń pè ní Modern Standby, ìyẹn ni pé tí o bá dé wọn, wọ́n máa ń ṣe bíi fóònù, wọn kì í sùn wọra. Lórí irú wọn, Windows máa ń fi àwọn sẹ́tíǹgì wọ̀nyẹn pamọ́. Tẹ powercfg /a nínú Command Prompt. Tí o bá rí Standby (S0 Low Power Idle) lára èyí tó wà, irú rẹ̀ nìyẹn.

Tìrẹ, lọ sí Settings, System, Power & battery. Níbi Power mode, gbé e sí Best performance. Padà sí Device Manager, ṣí tab Advanced tí o rí yẹn, wá ohun tó ń jẹ́ MIMO Power Save Mode, tó bá wà níbẹ̀, gbé e sí No SMPS. Kì í ṣe gbogbo káàdì ló ní in, má bẹ̀rù tí o ò bá rí i.

Tí ìyẹn ò bá ràn án, sẹ́tíǹgì tí wọ́n fi pamọ́ ṣì ṣeé yí láti inú Command Prompt. Ṣí i gẹ́gẹ́ bí Administrator, kí o dà èyí kọ bó ṣe wà:

powercfg /setdcvalueindex scheme_current 19cbb8fa-5279-450e-9fac-8a3d5fedd0c1 12bbebe6-58d6-4636-95bb-3217ef867c1a 0

kí o wá tẹ èyí tẹ̀ lé e:

powercfg /setactive scheme_current

Òdo tó gbẹ̀yìn yẹn ni Maximum Performance. Bátìrì ni dc inú rẹ̀ dúró fún. Dà á kọ o, má tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, lẹ́tà kan ṣoṣo tó bá yí, kò ní ṣiṣẹ́.

Olùkọ́_Kọ̀ǹpútà:
Ẹ kú ìjókòó. Fún ẹ̀yin tó ń lo Ubuntu dípò Windows, ẹ̀yin náà ò bọ́. Ubuntu fúnra rẹ̀ ló ń tan oorun Wi-Fi, ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì kan: /etc/NetworkManager/conf.d/default-wifi-powersave-on.conf. Nínú rẹ̀ ẹ ó rí wifi.powersave = 3. Ẹ sọ 3 yẹn di 2, ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ wá tẹ sudo systemctl restart NetworkManager.

Mo ti rí ẹni tó sọ ọ́ di 0 nítorí ó rò pé òdo ni kò sí. Rárá. 3 ni ó tàn, 2 ni ó pa. Èmi náà ò mọ ẹni tó ronú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá kàn fẹ́ dán an wò láì yí fáìlì kankan, sudo iw dev wlan0 set power_save off. Orúkọ tó ń jẹ́ lórí tiyín lè má jẹ́ wlan0, iw dev nìkan á sọ ọ́ fún yín. Àmọ́ ìyẹn ò ní dúró tí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tí ẹ sì gbé TLP sórí rẹ̀ kí bátìrì lè pẹ́, òun náà ń tan oorun Wi-Fi nígbà tí kò bá sí ṣájà. WIFI_PWR_ON_BAT=off ni kí ẹ kọ sínú /etc/tlp.conf.

Bàbá_Fẹ̀yìntì:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi báyìí, kí ẹlòmíràn má bàa ṣe aṣiṣe tí mo ṣe. Èmi náà rò pé láptọ́ọ̀pù ló ń sùn. Mo yí gbogbo ohun tí ẹ kọ sókè yìí, ọmọ mi bá mi yí i lórí fóònù láti Ìbàdàn, odidi ìrọ̀lẹ́ kan. Kò gbọ́.

Ọjọ́ kan ni mo jókòó ti ráútà náà, mo ń ka ìwé ìròyìn. Iná lọ, ínfátà gbà á. Ojú mi wà lára ráútà lásìkò yẹn gan-an: gbogbo iná ara rẹ̀ kú, wọ́n tún tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣẹ́jú-àáyá kan kò pé. Iná inú ilé ò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ráútà ti bẹ̀rẹ̀ láti àlùbábá, ó sì tó ìṣẹ́jú méjì kó tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà. Ohun tí mo ti ń bú láptọ́ọ̀pù sí láti oṣù mẹ́ta nìyẹn.

Bátìrì kékeré ti ráútà ni mo rà, irú èyí tí aláàdìrẹ wa ní. Ẹ yí ráútà yín dojú bolẹ̀ kí ẹ tó lọ sọ́jà, wọ́n kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀ bóyá 9V ló ń jẹ tàbí 12V. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, kò bá a mu, mo tún padà sí Ọjà Ọba nínú òjò.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe_ỌláÌyá:
Ẹ ṣeun bàbá. Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ béèrè nípa fóònù nìyẹn. Tí fóònù àti láptọ́ọ̀pù bá jọ pàdánù rẹ̀, ráútà ni kí ẹ lọ bá.

Ìyá_Ìbejì_Alẹ́kúwodò:
Ẹ jọ̀ọ́ o, èmi ò ní ráútà. Fóònù mi ni mo ń ṣí hotspot rẹ̀ fún láptọ́ọ̀pù. Tí mo bá dìde lọ ro àmàlà, kí n tó padà dé, hotspot ti pa ara rẹ̀. Ṣé èyí náà wà lára rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́_ÒkèBaálẹ̀:
Mà, èyí mo mọ̀ ọ́n! Oorun ẹni méjì ló pàdé. Láptọ́ọ̀pù yín kọ́kọ́ sùn nígbà tí ẹ dìde, fóònù wá rí i pé kò sẹ́ni tó ń lo hotspot òun mọ́, òun náà bá pa á. Lórí púpọ̀ nínú fóònù Android, ẹ ó rí Turn off hotspot automatically nínú sẹ́tíǹgì hotspot, ẹ pa á. Lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ fi kún iye ìṣẹ́jú tó fi ń sùn tí ẹ bá fi í sílẹ̀. MiFi, ráútà kékeré alágbèéká, náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ojúewé sẹ́tíǹgì rẹ̀ ni kí ẹ wọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Alẹ́kúwodò:
Ọlọ́run á jẹ́ kí o gba ìwé rẹ ire. O ò ní fìdí rẹmi.

Ọmọ_Òkèfìà:
Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀gá, tí a bá ní kí Wi-Fi má sùn mọ́, ṣé kò ní jẹ bátìrì tán? Ìgbà tí kò síná la nílò bátìrì jù.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe_ỌláÌyá:
Ìwọ náà ti béèrè ọ̀rọ̀ gidi lónìí. Á jẹ díẹ̀ sí i, mi ò ní purọ́. Àmọ́ iná ojú láptọ́ọ̀pù ló ń jẹ bátìrì jù. Dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù díẹ̀, o ti rí ohun tí Wi-Fi mú padà. Tí bátìrì bá ń yára kú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tẹ powercfg /batteryreport, kí o ṣí ìwé tó bá kọ sílẹ̀ fún ẹ. Fi Design Capacity wé Full Charge Capacity. Tí èkejì bá ti wálẹ̀ sí ìdajì àkọ́kọ́, bátìrì ló ti darúgbó, kì í ṣe Wi-Fi ló jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí o kọ́kọ́ sọ náà, pé kí wọ́n pa á kí wọ́n tàn án, kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n tí o bá tẹ Shut down lórí Windows tí Fast Startup wà lórí rẹ̀, kì í pa gbogbo rẹ̀ tán. Ó máa ń kó apá kan pamọ́ kó lè yára tàn, driver tó ti dojú rú á sì bá a jí. Restart ló ń pa á tán. Ẹ̀yin náà ẹ wo bó ṣe rí, èyí tó dà bíi pé kò pa á ló ń pa á.

Aláàdìrẹ_Òròkí:
Mo dé o. Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀.

Mo yọ àmì yẹn nínú Device Manager. Mo ping. Ó sàn díẹ̀, ó ṣì ń fo dé 200. Mo wọ Power Options, bí ọ̀gá ṣe wí ló rí gẹ́lẹ́: Plugged in, Maximum Performance, On battery, Medium Power Saving. Mo gbé e sókè. Mo yọ ṣájà: 3, 3, 5, 2, 4. Mo jókòó tì í fún ogún ìṣẹ́jú bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò aró.

Mo yọ̀. Ọjọ́ kejì ló tún bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Nígbà tí mo padà wò ó, On battery ti padà sí Medium! Mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló bá mi tú u wò títí tó fi rí i pé ètò kan wà lórí rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe láptọ́ọ̀pù, òun ló ń tọ́jú bátìrì, òun ló sì ń dá a padà sí bó ṣe fẹ́. A pa apá yẹn nínú rẹ̀, mo tún sẹ́tíǹgì mi ṣe.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe_ỌláÌyá:
Mi ò rántí ìyẹn, ẹ má bínú. Òótọ́ ni. Láptọ́ọ̀pù púpọ̀ ló ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Update driver náà lè dá àmì inú Device Manager padà. Tí Windows bá ti gba update ńlá, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bàbá_Fẹ̀yìntì:
Ẹni tó ní káàdì ti kú yẹn ńkọ́?

Aláàdìrẹ_Òròkí:
Mi ò padà síbẹ̀ o, bàbá. Owó káàdì ti di aṣọ funfun, ó wà nínú aró báyìí.

Oníbàárà Jámánì náà gbà kí n tún pè é lánàá. Ẹlẹ́kọ mẹ́ta ló mú. Iná ti lọ láti bíi ogójì ìṣẹ́jú sẹ́yìn ní àdúgbò wa, láptọ́ọ̀pù ni mo sì fi ń kọ èyí.